Díìṣì Orí Òrùlé Yín Lè Gbọ́ Oòrùn

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí fóònù bàbá yín, ẹ sún mọ́bí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ òní.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Díìṣì mélòó ló wà lórí òrùlé ní àdúgbò yín? Ẹ yọjú síta kẹ́ ẹ kà á. Ẹ ó rí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí èyí tí ayálégbé kan fi sílẹ̀ nígbà tó kó lọ. Ẹ ó rí èyí tó ti dípẹtà, tí wáyà rẹ̀ ti já, tó kọjú sí sánmà, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀ mọ́.

Díìṣì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: díìṣì orí òrùlé yín lè gbọ́ oòrùn. Ó lè gbọ́ òṣùpá náà, bí a bá tún un ṣe dáadáa. Kò gba dẹkódà. Kò gba owó oṣù. Iṣẹ́ rẹ̀ la máa yí padà díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń béèrè pé, "Ṣé oòrùn ń sọ̀rọ̀ ni?" Ẹ jẹ́ ká là á.

Ohùn mi tó ń dé ọ̀dọ̀ yín báyìí, ìgbì rédíò ló gbé e. Ẹ ò rí ìgbì náà. Ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ ó ń gba inú ògiri kọjá, ó ń gba inú kùrukùru kọjá, ó ń wọlé tọ̀ yín wá. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí àti ìgbì rédíò, irú kan náà ni wọ́n. Gígùn ìgbì wọn nìkan ló yàtọ̀. Ojú wa rí ọ̀kan, kò rí èkejì. Oòrùn sì ń tú méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tọ̀sán tòru, láìsinmi. Kì í sì í ṣe oòrùn nìkan. Gbogbo ohun tó bá ní ooru lára ló ń tú ìgbì rédíò jáde: ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀, ògiri ilé yín, àtẹ́lẹwọ́ yín. Ó kéré, ó kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Àbí ẹ rò pé ẹ ò rí irú rẹ̀ rí? Ẹ ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí.

Òjò máa ń dí díìṣì lọ́wọ́, ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ojú ọjọ́ ṣú, àwòrán já, a jókòó, à ń retí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé ojú ọjọ́ mọ́ kedere, oòrùn ń ràn, kò sí ẹ̀kán òjò kan, síbẹ̀ àwòrán já fún ìṣẹ́jú mélòó kan? Kò pẹ́, ó padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí àkókò kan náà, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tó gbé díìṣì. Ó dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù kankan. Ẹ wá ní dẹkódà ló ti darúgbó.

Dẹkódà kọ́. Oòrùn ni.

Sátẹ́láìtì tí díìṣì yín kọjú sí jìnnà réré. Ó tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè ìlà agbedeméjì ayé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, oòrùn máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Níbi tiwa níhìn-ín, àárín oṣù Kẹta ni àti ìparí oṣù Kẹsàn-án. Bí sátẹ́láìtì yín bá wà ní ìhà ìlà oòrùn, òwúrọ̀ ló máa ń jẹ́. Díìṣì yín á wá máa wo àwọn méjèèjì pọ̀ lójú kan. Ariwo oòrùn á bo ohùn sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá ti kọjá tán, àwòrán á padà. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń bínú yẹn, oòrùn ni díìṣì yín ń gbọ́. Ẹ ò kàn mọ̀ pé òun ni.

Nítorí náà, kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ díìṣì ní ohun tí kò mọ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n. Àwa la fẹ́ jókòó gbọ́ ohun tó ń gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Díìṣì amóhùnmáwòrán la ń sọ, èyí tí ẹ ti pa tì sórí òrùlé. À ń sọ bó ṣe lè gbọ́ oòrùn.

Ìtàn iṣẹ́ yìí yẹ ní gbígbọ́. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀. Oníṣẹ́ rédíò àti tẹlifóònù ni wọ́n. Karl Jansky ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ní Holmdel, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń pariwo sínú ìpè tó ń la òkun kọjá. Jansky kan áńtẹ́nà gbọọrọ kan, ó gbé e lé orí táyà ọkọ̀ kó lè máa yí po. Ó gbọ́ àrá tó wà nítòsí. Ó gbọ́ àrá tó wà lókèèrè. Ó sì gbọ́ ohun kẹta kan tó ń ṣe ṣììì, tí kò mọ ibi tó ti ń wá. Ohun kẹta yìí ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú àkókò tó dé lánàá. Lójoojúmọ́ ni. Oòrùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1933, ó kéde pé láti àárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí ayé wa wà nínú rẹ̀ ló ti ń wá, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí à ń rí bí ọ̀nà funfun lójú sánmà ní òru tí òṣùpá kò lé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan, Grote Reber, ka ìròyìn yìí, kò sì lè sùn lé e. Ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń jẹun. Ní 1937, ó fi owó ara rẹ̀ kan díìṣì kan sẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, ní ìlú Wheaton ní Illinois. Díìṣì náà fẹ̀ ju mítà mẹ́sàn-án lọ. Lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀! Ó kọ́kọ́ gbé rédíò kan sẹ́nu díìṣì náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tú u, ó kan òmíràn tó ń gbọ́ ìgbì tó gùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún tú ìyẹn náà, ó kan ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta ló gbọ́ ọ. Ẹ fetí sí ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Díìṣì kan náà. Ibi kan náà. Rédíò ẹnu rẹ̀ ló ń pààrọ̀. Irú iṣẹ́ tí à ń sọ lónìí nìyẹn, òun ló sì fi ya àwòrán ojú ọ̀run tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà rí ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀kan kù tí mo fẹ́ràn jù. A tún padà sí Holmdel, ní 1964. Áńtẹ́nà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún sátẹ́láìtì, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ìwo. Arno Penzias àti Robert Wilson fẹ́ tún un ṣe kó lè máa gbọ́ ìràwọ̀. Wọ́n gbé e kọjú síhìn-ín, ariwo. Wọ́n gbé e kọjú sọ́hùn-ún, ariwo. Lọ́sàn-án, lóru, ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà òtútù, ariwo kan náà, kò lé, kò dín. Wọ́n yẹ gbogbo wáyà wò. Wọ́n rí i pé ẹyẹlé méjì ti tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n ti yàgbẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n fọ ìgbẹ́ ẹyẹlé dànù. Ariwo ṣì wà.

Kí ni ariwo náà? Ooru tó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé ni. Nígbà tí ohun gbogbo ṣì gbóná janjan, kó tó di pé ìràwọ̀ kankan wà, ooru yẹn ti wà. Ó ti tutù gan-an báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ó yí wa ká. Ní 1978, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tí wọ́n tún ṣe ló gbé wọn débẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìgbẹ́ ẹyẹlé ni, ooru ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ sórí iṣẹ́ ọwọ́.

Díìṣì ní ẹ̀yà méjì pàtàkì. Èkíní ni àwo fífẹ̀ yẹn. Bí a ṣe ń gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti fi gba òjò, bẹ́ẹ̀ ni àwo náà ṣe ń kó ìgbì tó tàn káàkiri jọ sójú kan. Èkejì ni orí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá tó yọ síwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé díìṣì, LNB lẹ máa ń pè é. Iṣẹ́ ńlá ni LNB ń ṣe. Ìgbì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára, ó ń fún un lágbára. Ìgbì náà ń yára mì jù fún wáyà, ó ń dín in kù kí wáyà lè gbé e. Ó sì ń jẹ iná. Níbo ló ti ń rí iná? Inú wáyà yẹn náà ni. Dẹkódà ló ń ti iná gba inú wáyà gòkè tọ̀ ọ́ lọ.

A kò ní dẹkódà níbi iṣẹ́ tiwa. Nítorí náà, àwa la máa fún LNB ní iná. Àtúnṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì le.

Ẹ wá díìṣì tí LNB rẹ̀ ṣì dára. Ẹ wá bátìrì tó ń gbé iná fóòtì 12, irú ti ọ̀kadà dára. Lẹ́yìn náà, ẹ wá kinní kékeré tí àwọn tó ń gbé díìṣì fi ń wá sátẹ́láìtì, èyí tó ní abẹ́rẹ́ lójú, tó sì ń ké fín-ín bí wọ́n bá ti rí ojú rẹ̀. Satellite finder lorúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní fáíndà. Ó wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ rà.

Fáíndà ní ẹnu méjì. Ọ̀kan wà fún LNB: ẹ fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ LNB. Ẹnu kejì ni dẹkódà máa ń wọ̀. Ibẹ̀ ni iná bátìrì máa gbà wọlé. Ẹ gé wáyà díìṣì kan, ẹ bó orí rẹ̀. Bàbà tó wà láàárín lọ sí pósítíìfù bátìrì. Okùn wẹ́wẹ́ tó yí i ká lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Kí àwọn méjèèjì má fara kan ara wọn o! Ẹ fi fíúsì kékeré sójú ọ̀nà pósítíìfù, torí bátìrì ọ̀kadà lágbára láti jó wáyà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí àgbà kan dúró tì yín.

Ó parí. Ẹ ti ní awò tí a fi ń wo ojú ọ̀run.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ gbé díìṣì kọjú sí ibi tí sánmà ṣófo. Àwọn sátẹ́láìtì tò láti ìlà oòrùn títí dé ìwọ̀ oòrùn, níbi tiwa wọ́n gba òkè orí wa, wọ́n fì sí gúúsù díẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọjú díìṣì sí àríwá. Ẹ yí bọ́tìnì fáíndà títí abẹ́rẹ́ á fi wálẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ òfìfo lẹ ń gbọ́ yẹn, torí sánmà tó ṣófo tutù gan-an lójú rédíò.

Ní báyìí, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín síwájú LNB.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Abẹ́rẹ́ gòkè. Fáíndà ké. Ẹ mú ọwọ́ kúrò, abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Ẹ tún fi síbẹ̀, ó tún gòkè. Kí lẹ rò pé ó gbọ́? Ooru ara yín ni. Ẹ gbé díìṣì kọjú sí ògiri, abẹ́rẹ́ á gòkè. Ìgbì rédíò tó ń ti ara ògiri jáde ni. Mo ti rí àgbàlagbà tó ṣe èyí, tó fi ọwọ́ síbẹ̀, tó mú un kúrò, tó tún fi síbẹ̀, tí kò fẹ́ dìde mọ́. Kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní fẹ́ tún un ṣe.

Ó wá kan oòrùn. Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó gbọ́ nǹkan mìíràn: ẹ má wo oòrùn lójú. Òjìji lẹ máa lò. Ẹ yí díìṣì títí òjìji LNB fi máa bọ́ sí etí ìsàlẹ̀ àwo náà. Ọ̀pọ̀ díìṣì orí òrùlé wa kò kọjú tààrà sí ibi tó ń wò. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rò pé ìsàlẹ̀ ló ń wò, òkè ló sì ń wò. Nítorí náà, ẹ gba òjìji gbọ́, ẹ má gba ojú yín gbọ́. Bí òjìji bá ti bọ́ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ á fò sókè. Fáíndà á figbe ta. Fáíndà ló ń ké e, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń sọ fún un bó ṣe máa ké tó.

Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí díìṣì dúró sójú kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ló dé? Ayé ń yí, ó ń gbé díìṣì yín kúrò lójú oòrùn. Wàyí o, ẹ yí díìṣì ṣáájú oòrùn díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró dè é. Kí ọmọ kan máa wo aago. Kí èkejì máa ka abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀kẹta máa kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá ya ohun tí ẹ kọ, òkè kékeré kan ló máa jáde: ó gùn, ó dé góńgó, ó sọ̀. Tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ rí ohun tí mo ń wí? Àwọn ọmọ yẹn ti fi ọwọ́ ara wọn wọn yíyí ayé. Wọn kò ní láti gba ìwé gbọ́ nìkan.

Ìgbà wo ló dára jù? Oṣù Kẹfà àti oṣù Kejìlá ni oòrùn máa ń jìnnà sí ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì jù. Oṣù Kẹfà, òjò ni. Oṣù Kejìlá ni tèmi. Ọyẹ́ kò lè dá ìgbì yìí dúró, eruku kò sì lè dí i lọ́nà.

Ìkìlọ̀ mìíràn. Ẹ má gun òrùlé fúnra yín. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn, kẹ́ ẹ lo díìṣì náà nílẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú, ẹ palẹ̀ mọ́, torí àrá kò mọ ọmọdé yàtọ̀. Díìṣì tó bá ń dán yinrin, ẹ má gbé e kọjú sí oòrùn, ó lè kó ooru jọ kó sì yọ́ LNB. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti pa, tí kò dán mọ́, òun ló dára. Ẹnikẹ́ni má sì gbé ojú síbi tí LNB wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ kú àbọ̀. Díìṣì tí ẹ pa tì, LNB rẹ̀, fáíndà, àti bátìrì ọ̀kadà. Ohun tó kù fún yín láti gbọ́ oòrùn kò ju ìyẹn lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín yín tí ìyẹn kò ní tó wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún rédíò ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tú fóònù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ lè tú fáíndà, kẹ́ ẹ fa wáyà méjì jáde láti ìdí abẹ́rẹ́ lọ sí mítà tó ń ka iná, tàbí lọ sí kọ̀ǹpútà tí á máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá ọ̀tá yín pàdé. Ooru ni. Bí oòrùn bá ń pa LNB, agbára rẹ̀ á máa yí padà, ẹ ó sì rò pé ojú ọ̀run ló ń yí padà. Ẹ tan LNB sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi nǹkan bò ó lórí. Sùúrù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá ní sùúrù yẹn, ẹ ó gbọ́ òṣùpá. Òṣùpá àti oòrùn fẹ̀ bákan náà lójú wa láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì òṣùpá kéré púpọ̀ sí ti oòrùn. Ohun tó wù mí nípa rẹ̀ ni pé ooru ara òṣùpá fúnra rẹ̀ ni à ń gbọ́, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń tàn sí i lára. Bí òṣùpá bá lé tuntun, tí ojú wa kò rí ju bèbè tín-ín-rín lọ, díìṣì ń gbọ́ odindi rẹ̀, títí kan apá tó ṣókùnkùn.

Àtúnṣe kan wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú LNB ìgbàlódé, kírísítà kékeré kan wà tó ń mì ní ìwọ̀n kan pàtó. Òun ló ń sọ ìwọ̀n tí LNB máa fi dín ìgbì kù. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń yọ kírísítà yìí kúrò pẹ̀lú irin gbígbóná, wọn á sì fi wáyà mú ìmìtìtì mìíràn tó dúró déédéé wọlé láti ìta. Kí nìdí? Bí LNB méjì bá ń tẹ̀ lé kírísítà kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ wọn á ṣọ̀kan. Ẹ lè gbé díìṣì méjì síbi tó jìnnà síra, kẹ́ ẹ so ohun tí wọ́n gbọ́ pọ̀. Méjèèjì á wá lè ya nǹkan sọ́tọ̀ lójú ọ̀run tí ẹyọ kan kò lè yà. Bí àwọn onímọ̀ ńlá ṣe ń so díìṣì oríṣiríṣi pọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn nìyẹn.

Àwọn mìíràn ń yọ LNB kúrò pátápátá, wọn á fi agolo àti áńtẹ́nà kékeré rọ́pò rẹ̀ láti fi gbọ́ háídírójìn, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìyẹn tó ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé nǹkan òyìnbó ni èyí, tàbí pé eré ọmọdé ni. Ẹ wo Gánà, níbi tó súnmọ́ wa yìí. Ní Kuntunse, nítòsí Àkrà, díìṣì ńlá kan wà tó fẹ̀ tó mítà 32. Ìpè tẹlifóònù òkè òkun ni wọ́n fi ń gbà nígbà kan. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Gánà àti Gúúsù Áfíríkà fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n tún un ṣe, ní 2017 wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí awò ìràwọ̀. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe pẹ̀lú díìṣì orí òrùlé yín, òun náà ni Gánà ṣe pẹ̀lú tiwọn.

Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀yin ará Ìbàràpá, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lánlátẹ̀! Níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí ní àwọn ọdún 1970, tí ìpè láti òkè òkun fi ń wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá ló gbọ́ ohùn ọmọ wọn láti Lọ́ńdọ̀nù nípasẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ní Lánlátẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé díìṣì ńlá kọjú sí ojú ọ̀run, ẹ jọ̀wọ́, à ń wá yín. Ẹ pè wá, tàbí kẹ́ ẹ rán ọmọ yín sí wa. A fẹ́ jókòó tì yín lórí ètò yìí, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ọmọ bí ẹ ṣe ṣe é. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wa bóyá oòrùn dí yín lọ́wọ́ rí ní oṣù Kẹta, àti ohun tí ẹ pè é nígbà náà.

Ẹ̀yin tíṣà, bí ilé ìwé yín bá fẹ́ dán èyí wò ní oṣù Kejìlá, ẹ kọ̀wé sí wa kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tó ń gbé díìṣì ní àdúgbò yín lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ kí i fún mi.